Ta Ni Yóò Sin Ta? Fẹ́rẹ́ẹ̀tì, Ológbò àti Eku Orí Àjà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà ni yóò bá wa yanjú apá kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé mi ni. Fún bí oṣù méjì gbáko ni a fi jiyàn lórí ìbéèrè kan ní ilé wa ní Àkúrẹ́: ṣé kí á ra fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni, tàbí kí á má rà á?

Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì méjì, a sì máa fi fídíò wọn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi lórí WhatsApp. Ẹranko náà gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun rẹ̀ kúnná, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí ó fi aṣọ dúdú bojú. Bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa fò sí ọ̀tún, a máa fò sí òsì, bí ẹni tí ìlù ń gùn. Ọmọ mi wò ó títí, ó mú ìwé kan, ó kọ ìdí mẹ́fà tí ó fi yẹ kí á ní irú rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì gbé e wá bá mi. Márùn-ún nínú ìdí náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Èyí tí ó kọ sókè pátápátá ni ó mú mi jókòó dáadáa: “Dádì, fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń pa eku.”

Ẹni tí kò bá gbé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lè rò pé ọ̀rọ̀ eku kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pe ìpàdé. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ eku ti kọjá ti aṣọ tí ó jẹ àti ìwé tí ó gé. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno pè, ti fi ìpínlẹ̀ wa ṣe ibùba. Oǹdó, Èdó àti Báúṣì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń bá fínra jù ní Nàìjíríà. Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ, ni ó ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri. Kò dìgbà tí eku náà bá gé ènìyàn jẹ. Bí ó bá ti tọ̀ tàbí tí ó yàgbẹ́ sínú gàrí, sínú èlùbọ́, tàbí sí ara abọ́ tí a fẹ́ fi jẹun, ó ti tó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, ni ó máa ń gbilẹ̀ jù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kò tíì pẹ́, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan ní òpópónà wa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn náà. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Orí kó o yọ, ó padà wálé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti dùn mọ́ ní àdúgbò wa bí a bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àjà.

Àwa náà sì ń gbọ́ ọ. A dẹ pàkúté, eku méjì kó sí i, àwọn yòókù kọ́gbọ́n. A fi májèlé sílẹ̀, eku kan jẹ ẹ́, ó lọ kú sí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò tó, òórùn rẹ̀ sì lé wa kúrò ní pálọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó mi ní kí á lọ mú ológbò wá. Ìyá rẹ̀, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, tí ó máa ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa, ní òun kò ní bá ológbò gbé inú ilé kan náà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ nípa ológbò: pé ẹran àwọn ìyá ayé ni, pé ojú tí ó fi ń ríran lóru kì í ṣe ojú lásán. Ìyàwó mi kò fẹ́ ṣẹ ìyá rẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ kí ó di pé àna mi kó ẹrù rẹ̀ padà sí Oǹdó nítorí ológbò. Àyè tí ó ṣí sílẹ̀ yìí ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbà wọlé: kì í ṣe ológbò, ó sì ń pa eku.

Kí ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì gan-an? Kì í ṣe eku, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo fi àwòrán rẹ̀ hàn ní eku ni. Ẹranko ajẹran ni, tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ti mú wọ ilé láti ohun tí ó lé ní 2000 ọdún sẹ́yìn, kì í sì í ṣe fún eré. Strabo, ará Gíríìsì tí ó kọ̀wé nípa àwọn ilẹ̀ ayé ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, sọ nípa ẹranko kan tí wọ́n ń rán wọ inú ihò ehoro ní ilẹ̀ Sípéènì láti lé ehoro jáde sí ọwọ́ ọdẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, furo, wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí olè, nítorí pé ohun gbogbo tí ó bá rí ni ó máa ń wọ́ lọ pamọ́: ìbọ̀sẹ̀, kọ́kọ́rọ́, ṣíbí.

Kò sí orúkọ fún un ní èdè wa, nítorí pé kò sí ní ilẹ̀ wa. Àpẹẹrẹ kan wà nínú Bíbélì tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ fi sọ́kàn. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, fẹ́rẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn ẹran aláìmọ́ tí a kà sílẹ̀ nínú Léfítíkù orí 11, ẹsẹ 30. Bí ẹ bá ṣí Bíbélì Yorùbá tí àwọn bàbá wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ́nlé ni ẹ ó bá níbẹ̀, ọmọ́nlé tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri! Ẹ má ṣe rò pé àwọn atúmọ̀ èdè náà ṣìnà. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ni ó ṣòro láti dá mọ̀, àwọn onímọ̀ tí ó wá lẹ́yìn sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irú ọmọ́nlé kan. Nítorí náà, bí fẹ́rẹ́ẹ̀tì yóò bá wọ inú èdè Yorùbá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Màmá kò ní ìṣòro orúkọ. Nígbà tí ọmọ mi gbé fóònù fún un kí ó wo fídíò náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mà nìyí. Ẹ fẹ́ fi owó ra ohun tí bàbá mi máa ń fi kùmọ̀ lé kúrò nídìí adìyẹ?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi, ó pè mí ní orúkọ tí ó máa ń pè mí, ó ní, “Tísà, ṣé yóò máa sìn yín ni, àbí ẹ̀yin ni ẹ ó máa sìn ín?”

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi lọ sídìí iṣẹ́ mi. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, sìn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò di ohùn àárín: a ń sin ewúrẹ́, a ń sin ọba, a ń sin Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ pé arọ́pò-orúkọ ni àbọ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yóò dúró sí àyè rẹ̀: a ń sìn ín. Láti ara sìn ni a ti rí ọ̀sìn, tí í ṣe ohun ẹlẹ́mìí tí a ń tọ́jú nílé. Láti ara sìn náà ni a ti rí ẹ̀sìn, tí í ṣe ọ̀nà tí à ń gbà bọ ohun tí ó jù wá lọ. Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé ìró wọn ni ó kàn bára mu. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀kan ṣoṣo ni, tí ó yàtọ̀ síra lẹ́nu iṣẹ́. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ohun tí mo rí ni pé nínú ìbéèrè Màmá, àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà. Ẹni tí ó bá ń sin ẹran ń gbọ́únjẹ fún un, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀, ó ń jí lóru nítorí rẹ̀. Ta ni ìránṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì?

Nínú kíláàsì mi ní Oǹdó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ fún mi pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹran tí ènìyàn ń tọ́jú kìkì nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní. Òótọ́ ni. Ẹran ọ̀sìn ni ajá, ẹran ọ̀sìn ni àgbò tí a ó pa lọ́jọ́ Iléyá. Ibi tí n kò ti bá wọn lọ ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé nítorí náà, Yorùbá kò mọ ìfẹ́ ẹranko. Ẹ bi àwọn ọdẹ léèrè. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu wa, ajá mẹ́ta tí ọdẹ kan ní, tí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé lọ́jọ́ ìpọ́njú, ní orúkọ tí ọmọdé kò lè pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Ta ni yóò jókòó hun irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò fẹ́ràn? Ní agboolé bàbá mi àgbà, ajá kan wà tí ó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Bí bàbá bá fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò pe ajá náà ní ohùn rara, ajá yóò sáré wá, ọ̀rọ̀ yóò sì lọ sí ibi tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ yìí kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kò dí ìrúbọ lọ́wọ́: ajá tí ń ṣọ́dẹ fún wa náà ni a fi ń bọ Ògún, ní Oǹdó àti níbòmíràn. Ohun tí èdè wa kò ní ni ìfẹ́ tí kò ní iṣẹ́ nínú. Ìbéèrè Màmá ni ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi gbogbo ẹranko kí ó tó kọjá ìloro.

Mo wá fi ìbéèrè náà yẹ fẹ́rẹ́ẹ̀tì wò. Èmi àti ọmọ mi jókòó, a yí ìwé onídìí mẹ́fà rẹ̀ padà, a sì kọ ohun tí ẹranko náà yóò béèrè lọ́wọ́ wa sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ooru. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í làágùn bí tiwa. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè pa á. Ní Àkúrẹ́, nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru ọ̀sán a máa kọjá 30 dáadáa. A ó wá fi ẹranko kan sínú yàrá tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, a ó máa bẹ iná mọ̀nàmọ́ná, bí iná bá lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀ fún un. Ọmọ mi bi mí bóyá a máa ń tan jẹnẹrétọ̀ fún Màmá lọ́sàn-án. Mo ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Oúnjẹ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹran nìkan ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń jẹ, ìgbà púpọ̀ ni ó sì ń jẹ ẹ́ lójúmọ́, nítorí pé ìfun rẹ̀ kúrú. Kò mọ àjẹkù ẹ̀bà, kò mọ ẹja gbígbẹ oníyọ̀. Ó nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ó sì nílò ti àrùn distemper tí ń pa ajá. Bí ó bá jẹ́ abo tí kò rí akọ gùn, tí dókítà kò sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀jẹ̀ lè tán lára rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Àwọn dókítà ẹran tí mo mọ̀ ní Àkúrẹ́ mọ ajá, wọ́n mọ adìyẹ, wọ́n mọ màlúù. Ẹni tí mo bi léèrè nínú wọn kò fi mí ṣeré: ó ní òun kò fọwọ́ kan fẹ́rẹ́ẹ̀tì rí, pé bí ọ̀rọ̀ bá le, Ìbàdàn ni òun yóò ní kí n gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn àwọn ẹranko tí ó wà ní Yunifásítì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹranko wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń rí sí àyẹ̀wò ẹran àti irúgbìn. Oníṣòwò kan ní Èkó tí wọ́n júwe fún mi ní kí n má dààmú ara mi lórí ìwé, pé òun mọ bí òun yóò ṣe gbé e kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ fẹ́ mú un wá ńkọ́? Fẹ́rẹ́ẹ̀tì lè pa eku lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi í ṣọdẹ máa ń dúró tì í ni. Bí ó bá wọ ihò, tí ó sì pa ohun tí ó bá níbẹ̀, ó lè jẹ ẹ́ yó, kí ó sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹranko tí ó lè sun wákàtí 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 24 ni. Ta ni yóò gun orí àjà lọ jí i nínú ooru ọ̀sán Àkúrẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó pa mí lẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Bí a bá gbé ohùn orí sìn lọ sókè, ó di sín, ìyẹn ohun tí imú ń ṣe. Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, lo fẹ́rẹ́ẹ̀tì láti fi hàn pé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa àrùn fúlúù ní ara ènìyàn. Wọ́n mú omi ọ̀fun ẹni tí ó ń ṣàìsàn, wọ́n fi kan imú fẹ́rẹ́ẹ̀tì, àìsàn mú fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan sín lu Smith lójú, àìsàn mú Smith. Títí di òní ni wọ́n ń lo ẹranko yìí fún ìwádìí fúlúù, nítorí pé ohun tí ń ṣe wá ń ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì yóò sín, fẹ́rẹ́ẹ̀tì náà yóò sì bá a sín. Nínú ilé tí arúgbó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ń gbé, ohun tí à ń rò ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ́ẹ̀tì ń rọlẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ òkété gbé orí sókè. Mo máa ń gba Ọ̀wẹ̀nà kọjá bí mo bá ń ti Àkúrẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Oǹdó. Ọdẹ kan tí ó mọ̀ mí níbẹ̀ gbọ́ pé ọmọ mi ń wá ẹranko, ó sì ní òun wú ọmọ òkété méjì, pé kí n mú ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, inú ọmọ mi dùn ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé ó ti ka ìtàn Magawa. Magawa jẹ́ ẹbí òkété wa, tí àjọ APOPO kọ́ ní Tansaníà láti máa fi imú wá bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè Kàǹbódíà ni ó ti ṣiṣẹ́. Bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ tí ó rí níbẹ̀ jẹ́ 71, láìka àwọn ohun abúgbàù mìíràn. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ PDSA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ọmọ mi ní, “Dádì, ẹ ò rí i? Ẹran tiwa ni, ooru kò sì ní pa á.”

Èsì tí mo fún un kò dùn mọ́ ọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n kó nǹkan bí 800 ẹranko kéékèèké láti Ghana lọ sí ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè tà wọ́n fún àwọn tí yóò máa fi wọ́n ṣeré nílé. Òkété wà lára wọn. Wọ́n kó díẹ̀ lára wọn tì àwọn ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ tà, àwọn wọ̀nyí kó àrùn mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox nígbà náà, wọ́n sì gbé e fún àwọn tí ó rà wọ́n. Ènìyàn 47 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí ó kó o. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de kíkó irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ wọlé láti Áfíríkà. Òkété tí ó lọ sí Texas kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó gbé e kúrò níbi tí ó ti mọ ilé ara rẹ̀, tí wọn kò bi í léèrè ohun tí ó wà lára rẹ̀, ni ó yẹ kí á bi ní ìbéèrè. Magawa pẹ̀lú kò gbé pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì ni ó ń sìn ín. Àwọn àgbà ní òkété sọ pé ọjọ́ gbogbo ni òun mọ̀, òun kò mọ ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ gbogbo ni ọmọ òkété dára láti gbé lọ́wọ́; ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ó bá ti dàgbà tí ó ń gé igi ilẹ̀kùn jẹ, ni à ń rò kí á tó gbà á lọ́wọ́ ọdẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ náà, mo sì bá tèmi lọ.

Ohun tí a ṣe nìyí. A kò ra fẹ́rẹ́ẹ̀tì, a kò gba òkété. A kọ́kọ́ pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò tí ó wà lára ògiri àti lábẹ́ páànù. Ìyàwó mi ra àwọn ike onídèérí líle ní Ọjà Ọba, ó kó gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sínú wọn. A ro koríko ẹ̀yìnkùlé, a sì gbé ààtàn jìnnà sí ilé ìdáná. Nínú èyí ni ọmọ mi ti rí ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ibà Lassa: kí á kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí á da ilẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn, kí ilé mọ́ tónítóní, kí á sì ní ológbò nílé. Ó ka èyí tí ó kẹ́yìn sí etí Màmá lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ẹnì kan ha lè bi ológbò ní ìbéèrè tí òun bi nípa fẹ́rẹ́ẹ̀tì? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni: ológbò ń ṣiṣẹ́ lóru láìsí ẹni tí ó dúró tì í, ooru wa kò bà á lẹ́rù, ó ń jẹ ohun tí a bá rí, dókítà tí ó wà ní Àkúrẹ́ sì mọ abẹ́rẹ́ tí yóò fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ni ó mú ìwé wá, àgbà ni ó fi ìbéèrè yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà sì ni ó fọwọ́ sí i níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn mẹ́ta: ológbò náà kò gbọdọ̀ dúdú, kò gbọdọ̀ wọ yàrá òun, òun ni yóò sì sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀dọ̀ alábàáṣiṣẹ́ mi kan ní Oǹdó ni mo ti gbé e, ológbò kékeré aláwọ̀ eérú. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Màmá wo ilé wa, ó sì pè é ní Sìnmíkínsìnọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó bí gírámà ṣe pé nínú orúkọ ẹran tí obìnrin tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga sọ: ohùn ìsàlẹ̀ dúró lórí sìn méjèèjì, nítorí pé arọ́pò-orúkọ ni ó tẹ̀ lé wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pa eku mẹ́rin. Ọmọ mi ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ pé ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kan òkú eku, pé ìbọ̀wọ́ ni à ń lò, a ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì gbàgbé fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Ó ní bí òun bá dé Manchester, òun yóò gbé méjèèjì lọ́wọ́. Mo ní kò burú, ibẹ̀ tutù tó fún wọn.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Orúkọ bí Tanímọ̀la àti Sìnmíkínsìnọ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bingo àti Jack ni a ń gbọ́ káàkiri báyìí. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ bi àwọn ìyá àti àwọn bàbá yín àgbà pé kí ni ajá àti ológbò ilé wọn ń jẹ́, ta ni wọ́n fi orúkọ náà ń bá wí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tètè ṣe é nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè láti dá wa lóhùn.